Ẹgbẹ́ àwọn oníbọn l'Amẹ́ríkà: ṣé kí wọ́n dúnàá-dúrà ni, àbí kí wọ́n fìmọ̀ ṣọ̀kan?

Ní oṣù Kẹrin ọdún 2013, Alan Gottlieb bọ́ síta gbangba, ó ní ẹgbẹ́ òun fara mọ́ àbá òfin tí yóò jẹ́ kí wọ́n máa yẹ àwọn tó ń ra ìbọn wò ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹni tí kò mọ ọkùnrin yìí lè bèèrè pé kí ló wá ṣe pàtàkì níbẹ̀. Gottlieb kì í ṣe ọ̀rẹ́ àwọn tó fẹ́ gba ìbọn lọ́wọ́ aráàlú. Òun ló dá Second Amendment Foundation sílẹ̀ ní 1974, òun náà ló ń darí Citizens Committee for the Right to Keep and Bear Arms, ó sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lo ogójì ọdún lẹ́nu bíbá ìjọba fa ọ̀rọ̀ ìbọn. Kí irú rẹ̀ wá ní òun gbà, àfi bí ìgbà tí olórí ọdẹ bá dúró láàárín ọjà tó ní kí wọ́n dín ọjọ́ ìṣọdẹ kù.

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tó fi yọwọ́.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín ọjọ́ mélòó kan yẹn ló máa ń wá sí mi lọ́kàn nígbàkígbà tí àwọn tó ń jà fún ẹ̀tọ́ ìbọn l'Amẹ́ríkà bá tún bẹ̀rẹ̀ àríyànjiyàn wọn: ṣé kí àwọn fi díẹ̀ sílẹ̀ kí àwọn lè rí díẹ̀ gbà, àbí kí gbogbo àwọn para pọ̀ kí àwọn má fi ohunkóhun sílẹ̀? Bí wọ́n ṣe máa ń gbé e kalẹ̀ nìyẹn, bí ẹni pé oríta méjì ni, tí ẹni tó bá gba apá kan kò ní lè gba èkejì. Èmi ò rí i bẹ́ẹ̀. Bí mo ṣe wo ìtàn wọn sí, àìṣọ̀kan wọn gan-an ni kò jẹ́ kí wọ́n lè dúnàá-dúrà.

Èèyàn wa tó ń ka èyí n'Íbàdàn tàbí l'Ákùúrẹ́ lè máa rò ó pé kí ló dé tí ọ̀rọ̀ ìbọn le tó bẹ́ẹ̀. Ní Nàìjíríà, òfin ìbọn ọdún 1959 ló ń darí ọ̀rọ̀ náà. Bí o kò bá ní ìwé àṣẹ, ìbọn kò tọ́ sí ọ, ìjọba ló sì ń fúnni níwèé ọ̀hún bó bá wù ú. Òdìkejì ibẹ̀ ni àwọn ará Amẹ́ríkà ti bẹ̀rẹ̀. Àtúnṣe Kejì sí òfin ilẹ̀ wọn, tí wọ́n fọwọ́ sí ní 1791, sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tẹ ẹ̀tọ́ aráàlú láti ní ohun ìjà àti láti gbé e lójú mọ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ 27 péré ni lédè Gẹ̀ẹ́sì. Gbólóhùn kan náà yẹn tún mẹ́nu ba ẹgbẹ́ ọmọ ogun ìlú tó wà létòlétò, èyí sì ni wọ́n fi jiyàn fún ọ̀pọ̀ ọdún bóyá ẹnì kọ̀ọ̀kan ló ni ẹ̀tọ́ náà tàbí àwọn ọmọ ogun ìlú ọ̀hún. Ní 2008, nínú ẹjọ́ tí wọ́n ń pè ní Heller, Ilé Ẹjọ́ tó Ga Jùlọ dá a, adájọ́ 5 sí 4, pé ẹnì kọ̀ọ̀kan ló ni ín.

Nítorí náà, tí wọ́n bá sọ fún ará Amẹ́ríkà tó fẹ́ràn ìbọn pé kó gbà díẹ̀, kò jọ létí rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ní kó lọ san owó láísẹ́ǹsì. Ó jọ létí rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ní kó gé lára ilẹ̀ tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀. Àwa náà mọ òfin ilẹ̀ ẹbí. Ẹnì kan kì í dá a tà. Bí àbúrò kan bá lọ gba owó lọ́wọ́ oníbàárà láìjẹ́ pé olórí ẹbí àti àwọn àgbà ìdí igi kọ̀ọ̀kan mọ̀ sí i, ẹjọ́ ló gbé wálé yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ẹbí yìí sọ́kàn, nítorí pé òun ni mo máa padà sí.

NRA (National Rifle Association), tó dàgbà jù nínú àwọn ẹgbẹ́ oníbọn náà, kò bẹ̀rẹ̀ bí ẹgbẹ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́ rárá. Àwọn ológun méjì tó ja ogun abẹ́lé ilẹ̀ náà, George Wingate àti William Church, ló dá a sílẹ̀ ní New York ní 1871. Ohun tó ń dùn wọ́n ni pé àwọn ọmọ ogun apá Àríwá kò mọ ìbọn yìn dáadáa. Ìdíje ìbọn yíyìn, ẹ̀kọ́ fún àwọn ọdẹ, bí èèyàn ṣe ń di ìbọn mú tí kò fi ní ṣe ara rẹ̀ léṣe, iṣẹ́ wọn nìyẹn fún ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún.

Ní gbogbo àkókò yẹn, wọ́n máa ń gbà. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ fẹ́ ṣe òfin ìbọn ńlá àkọ́kọ́ ní 1934, èyí tó bu owó orí 200 dọ́là lé ìbọn arọ̀jò-ọta (owó tó tó ra ìbọn ọ̀hún fúnra rẹ̀ nígbà yẹn), ààrẹ NRA, Karl Frederick, lọ sọ níwájú àwọn aṣòfin pé òun kò gbà gbọ́ pé kí gbogbo èèyàn kàn máa gbé ìbọn kiri, pé ó yẹ kí wọ́n ká a lọ́wọ́ kò gidigidi, kó sì jẹ́ ẹni tó ní ìwé àṣẹ nìkan ni yóò máa gbé e. Ẹ tún un kà: ààrẹ NRA ló sọ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n yìnbọn pa Ààrẹ Kennedy ní 1963, ó hàn pé ìpolówó inú ìwé ìròyìn NRA gan-an, *American Rifleman*, ni apààyàn náà rí tó fi ra ìbọn ọ̀hún nípasẹ̀ ìfìwéránṣẹ́. Nígbà tí wọ́n ń jíròrò òfin tó wá di ti 1968, tó ní kí wọ́n yéé fi ìbọn ránṣẹ́ sí aráàlú láti ìpínlẹ̀ kan sí òmíràn, àwọn aṣáájú NRA gbà pé kò burú kí wọ́n fòpin sí irú títà bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ̀ ni kí ìjọba máa kọ orúkọ gbogbo ẹni tó ní ìbọn sínú ìwé, wọ́n sì borí lórí ìyẹn. Fi díẹ̀ sílẹ̀, gba díẹ̀.

Alẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo ló fòpin sí àṣà yẹn. Oṣù Karùn-ún ọdún 1977 ni, ní ìlú Cincinnati, níbi ìpàdé ọdọọdún ẹgbẹ́. Àwọn aṣáájú ti pinnu láti kó olú iléeṣẹ́ kúrò ní Washington lọ sí Colorado Springs, kí ẹgbẹ́ gbájú mọ́ iṣẹ́ ọdẹ àti igbó, kó sì jìnnà sí òṣèlú. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kan, tí Harlon Carter àti Neal Knox wà lára àwọn tó ṣáájú wọn, ò gbà. Wọ́n dé fìlà ọdẹ aláwọ̀ ọsàn kí wọ́n lè dá ara wọn mọ̀ láàárín èrò. Wọ́n gbé rédíò ìléwọ́ dání, tí ẹni tó wà lọ́wọ́ ẹnu ọ̀nà fi lè bá ẹni tó wà níwájú sọ̀rọ̀. Wọn ò fi igi, wọn ò fi àáké. Ìwé òfin ẹgbẹ́ ni wọ́n fi jà. Àbá kan ń tẹ̀ lé òmíràn, ìbò ń tẹ̀ lé ìbò, títí tó fi di nǹkan bí aago mẹ́rin ìdájí. Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tí wọ́n ti yọ àwọn aṣáájú àtijọ́, tí Carter sì ti gba ipò. Colorado Springs wọlẹ̀.

Láti òru yẹn ni olórí ẹgbẹ́ oníbọn yòówù ti mọ̀ pé bí òun bá gbà ju bó ṣe yẹ lọ, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ lè fa òun tu. Ẹ̀rù yẹn ṣì wà nínú gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ yìí.

Síbẹ̀, wọ́n tún ṣe ìdúnàádúrà gidi kan lẹ́yìn náà, ní 1986. Òfin tí wọ́n ń pè ní Firearm Owners Protection Act fún wọn ní ohun tó pọ̀: ẹni tó ń rìnrìn àjò lè gbé ìbọn rẹ̀ la ìpínlẹ̀ mìíràn kọjá bó bá tì í pa, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba kò lè máa já wọ ṣọ́ọ̀bù oníbọn nígbà tó bá wù wọ́n, ìjọba àpapọ̀ kò sì gbọdọ̀ ṣe ìwé orúkọ àwọn oníbọn. Ìgbà tó kù díẹ̀ kí òfin náà kọjá ni wọ́n fi gbólóhùn kan kún un nílé aṣojú-ṣòfin: ìbọn arọ̀jò-ọta tí wọn kò bá tíì forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ kí 19 oṣù Karùn-ún 1986 tó dé kò ní tọ́ sí aráàlú mọ́. NRA rò ó, wọ́n ní kí Ààrẹ Reagan fọwọ́ sí i bẹ́ẹ̀, pé àwọn yóò padà wá já èyí tó kù. Ó di òní, wọn ò rí i já. Nítorí pé àwọn tó wà nílẹ̀ kò lè pọ̀ sí i, ìbọn bẹ́ẹ̀ kan ti di ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà mẹ́wàá dọ́là lọ́jà. Ẹni tí ejò bá ti bù ṣán rí, bó bá rí ekòló, yóò sá. Bẹ bá ń gbọ́ tí àwọn àgbàlagbà oníbọn ń sọ 1986 tí ohùn wọn sì yí padà, ìdí nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sọ́dọ̀ Gottlieb. Oṣù mẹ́rin ṣáájú, ní ọjọ́ 14 oṣù Kejìlá 2012, apààyàn kan ti wọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Sandy Hook ní Connecticut, ó pa ọmọdé 20 àti àgbàlagbà 6. Sẹ́nẹ́tọ̀ méjì, Joe Manchin ti ẹgbẹ́ Dẹmókráàtì àti Pat Toomey ti Rẹpọ́blíkà, jọ kọ àbá òfin kan. Títí dìgbà yẹn, ẹni tó bá ra ìbọn lọ́wọ́ oníṣọ́ọ̀bù tó ní ìwé àṣẹ ni òfin àpapọ̀ ní kí wọ́n yẹ̀ wò. Bí aládùúgbò bá tà á fún aládùúgbò, òfin àpapọ̀ kò béèrè. Manchin àti Toomey fẹ́ kó kan títà níbi pàtẹ ìbọn àti títà tí wọ́n bá polówó lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n fi ohun tí àwọn oníbọn fẹ́ náà kún un: òṣìṣẹ́ ìjọba tó bá dán an wò láti ṣe ìwé orúkọ oníbọn yóò lọ sẹ́wọ̀n, ìrìn àjò pẹ̀lú ìbọn yóò sì tún rọrùn sí i. Àwọn èèyàn Gottlieb wà lára àwọn tó bá wọn kọ apá yẹn. Ojú tó fi wò ó ni pé èrè ibẹ̀ pọ̀ ju àdánù lọ.

NRA kọ̀ ọ́. Gun Owners of America, GOA, ẹgbẹ́ tó ń fi ṣe àpèjúwe ara rẹ̀ pé òun kì í gbà rárá, kọ̀ ọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn oníbọn dojú ọ̀rọ̀ kọ Gottlieb: ta ló rán ọ? Nígbà tó wá hàn pé apá kan tó ń retí, èyí tí yóò dá ẹ̀tọ́ padà fún àwọn kan tí òfin ti gba ìbọn lọ́wọ́ wọn, kò ní dé orí tábìlì ìbò, ó ní òun ò bá wọn ṣe mọ́. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹrin, àbá náà rí ìbò 54 sí 46. Ọgọ́ta ló nílò. Ó kú síbẹ̀.

Ilẹ̀ ẹbí nìyẹn. Bóyá iye tí Gottlieb dúnàá-dúrà rẹ̀ dára tàbí kò dára, wọn ò tíì débẹ̀. Wọ́n há a mọ́ ọ̀rọ̀ pé kò ní àṣẹ láti tà. Àwọn tó jókòó lódìkejì tábìlì náà sì rí ẹ̀kọ́ tiwọn kọ́: ẹni yòówù tí a bá bá ṣàdéhùn nínú àwọn èèyàn yìí, kò lè mú àwọn yòókù wá. Kí wá ni wọ́n tún fẹ́ fún un sí?

Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀ tí àwọn èèyàn kì í fẹ́ sọ jáde. Owó ọmọ ẹgbẹ́ ni gbogbo àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí fi ń jẹun. Ọjọ́ tí ẹgbẹ́ kan bá gbà, ọjọ́ náà ni èkejì yóò kọ lẹ́tà sí gbogbo ilé: wọ́n ti tà yín, àwa ò ní tà yín láéláé, ẹ fi owó ránṣẹ́. Ó ń ṣiṣẹ́. Ẹgbẹ́ tó le jù ló ń kó ọmọ ẹgbẹ́ lọ. Nítorí náà, ìbáà jẹ́ pé olórí ẹgbẹ́ kan rí òótọ́ nínú àbá kan, kò lè fẹnu kàn án. Mi ò sọ pé gbogbo wọn ń purọ́. Ọ̀pọ̀ wọn gba ohun tí wọ́n ń sọ gbọ́ tọkàntọkàn. Bí ọjà náà ṣe rí ni mò ń sọ.

Ẹni tó bá fẹ́ ta ko mi ní ohun tó lágbára lọ́wọ́, mi ò sì ní fi pa mọ́. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá 2017, ọkùnrin kan yìnbọn láti fèrèsé òtẹ́ẹ̀lì kan ní Las Vegas sórí àwọn tó ń gbọ́ orin nísàlẹ̀. Àwọn tó kú dé 60 nígbẹ̀yìn. Ohun tó jẹ́ kó lè yìn ín tó bẹ́ẹ̀ ni nǹkan kékeré kan tí wọ́n ń pè ní bump stock. Ìbọn lásán, bí o bá fà á lẹ́ẹ̀kan, ọta kan ló ń jáde. O gbọ́dọ̀ tú ìka sílẹ̀ kó o tó tún fà á. Nǹkan yìí, ìdí ìbọn ni wọ́n ń fi í sí, ibi téèyàn ń tì mọ́ èjìká. Ó jẹ́ kí ara ìbọn máa yọ̀ síwá sẹ́yìn. Bí ọta bá jáde, ìbọn á ta padà. Ọwọ́ kejì tó ń tì í síwájú á tún gbé e wá lu ìka tó dúró sójú kan, ọta mìíràn á jáde. Bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀, bí ẹ̀rọ ìránṣọ. Ìka ò ṣe nǹkan kan; ìbọn ló ń wá bá ìka.

Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, NRA sọ pé ó yẹ kí ìjọba túbọ̀ fi òfin dè é. Ìjọba Trump sì fòfin dè é pátápátá ní òpin 2018. GOA gbé ìjọba lọ sílé ẹjọ́, àwọn míì náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Kẹfà 2024, nínú ẹjọ́ Cargill, Ilé Ẹjọ́ tó Ga Jùlọ fi adájọ́ 6 sí 3 sọ pé ìjọba kò ní àṣẹ láti ka bump stock sí ìbọn arọ̀jò-ọta lábẹ́ òfin tó wà nílẹ̀. Àwọn tí kò gbà ló jàre, ẹni tó gbà ò sì rí nǹkan kan gbà fún gbígbà rẹ̀. Ẹjọ́ Heller fúnra rẹ̀, àwọn agbẹjọ́rò mélòó kan tí wọn kì í ṣe ti NRA ló gbé e lọ, nígbà tí NRA ṣì ń bẹ̀rù pé ó lè bà jẹ́. Ẹjọ́ McDonald ní 2010, tó jẹ́ kí ẹ̀tọ́ náà de àwọn ìpínlẹ̀ àti ìlú, iṣẹ́ ẹgbẹ́ Gottlieb ni. Bí gbogbo wọn bá ti wà lábẹ́ olórí kan ṣoṣo, bóyá ni ẹnikẹ́ni ìbá dé iwájú àwọn adájọ́ náà. Òtítọ́ ni, kí olúkúlùkù máa ja tirẹ̀ ti so èso fún wọn.

Ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ nìyẹn. Níbẹ̀, ẹnì kan tó lágídí tó, tó ní agbẹjọ́rò tó dáa, ti tó. Ilé aṣòfin kò rí bẹ́ẹ̀, àwọn adájọ́ náà kì í sì í ṣe ti ẹnì kan. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn tí wọ́n borí nínú ẹjọ́ Cargill, ilé ẹjọ́ kan náà fi adájọ́ 8 sí 1 sọ nínú ẹjọ́ Rahimi pé ìjọba lè gba ìbọn lọ́wọ́ ẹni tí ilé ẹjọ́ ti rí i pé ó léwu fún aya tàbí olólùfẹ́ rẹ̀.

Kí ló sì ṣẹlẹ̀ nílé aṣòfin nígbà tí gbogbo wọn fìmọ̀ ṣọ̀kan láti kọ̀? Oṣù Karùn-ún 2022 ni, wọ́n pa ọmọ iléèwé 19 àti olùkọ́ méjì ní Uvalde, Texas, lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá tí wọ́n ti pa èèyàn dúdú mẹ́wàá nílé ìtajà kan ní Buffalo. John Cornyn, sẹ́nẹ́tọ̀ Texas tí NRA ti máa ń gbóríyìn fún, jókòó pẹ̀lú àwọn Dẹmókráàtì láti kọ òfin ìbọn tuntun. Nígbà tó dé ìpàdé ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀ ní Houston, wọ́n hó lé e lórí. NRA tako òfin náà, GOA tako ó. Ó rí ìbò 65 sí 33, Rẹpọ́blíkà 15 wà níbẹ̀. Ó fi kún àyẹ̀wò fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 21, ó sì jẹ́ kí ọkùnrin tó bá lu ọ̀rẹ́bìnrin rẹ̀ wà lára àwọn tí ìbọn kò tọ́ sí. Ẹnikẹ́ni lè ní òun fẹ́ ẹ tàbí òun ò fẹ́ ẹ. Ohun tí mò ń tọ́ka sí ni pé ẹ̀yìn àwọn ẹgbẹ́ náà ni wọ́n ti kọ ọ́. Wọn ò rí ẹyọ kan gbà fún un, torí wọn ò sí nídìí àwo.

Àwọn àgbà ní àìrìn pọ̀ ejò ló ń jẹ ọmọ ejò níyà. Bí ọká bá ṣíwájú, tí paramọ́lẹ̀ tẹ̀ lé e, tí òjòlá ń wọ́ tuuru bọ̀ lẹ́yìn, ta ni yóò dúró? Àwọn tó ń kígbe ìṣọ̀kan láàárín àwọn oníbọn, ohun tí wọ́n ní lọ́kàn nìyẹn. Àmọ́ bí àwọn ejò náà bá rìn pọ̀, tí wọn ò sì mọ ibi tí wọ́n ń lọ ju pé kí wọ́n má yí lọ, ẹni tó bá rí wọn yóò kàn gba ọ̀nà mìíràn. Ìṣọ̀kan tí mo rò pé wọ́n nílò ni ti mọ́lẹ́bí tó ti jókòó nílé kó tó lọ bá oníbàárà: ibí kò ṣeé tà láéláé, ibí la lè sọ̀rọ̀ lé lórí, iye tí a máa gbà nìyí, ẹni tí yóò ṣojú wa sì nìyí. Irú ìpàdé yẹn ni wọn ò tíì ṣe.

Ta ni yóò sì pe ìpàdé náà? NRA ìbá pè é tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ní 2020, agbẹjọ́rò àgbà ìpínlẹ̀ New York, Letitia James, gbé wọn lọ sílé ẹjọ́ lórí owó ẹgbẹ́. Wayne LaPierre, tó ti darí rẹ̀ láti 1991, fipò sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ 2024, oṣù kan lẹ́yìn ìyẹn ni ìgbìmọ̀ onídàájọ́ sọ pé kó san mílíọ̀nù 4.35 dọ́là padà. Owó tí ọdẹ àti àgbẹ̀ ń dá, ó ti bá ọkọ̀ òfuurufú àdáni lọ. Ó bà mí nínú jẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èmi kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ wọn, torí pé ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ò mọ́ kò lè pe ẹbí jókòó.

Láti ìgbà náà, àyè ti ṣí sílẹ̀ fún àwọn yòókù: GOA, ẹgbẹ́ Gottlieb, àti Firearms Policy Coalition tí ilé ẹjọ́ ti di oko rẹ̀. Ní oṣù Keje 2025, òfin ìnáwó Trump sọ owó orí 200 dọ́là ti 1934 yẹn di òdo láti ìbẹ̀rẹ̀ 2026 lórí ìbọn kúkúrú àti lórí ohun tí wọ́n ń fi sẹ́nu ìbọn kí ariwo rẹ̀ lè dín kù. Fífi orúkọ sílẹ̀ ṣì wà, torí pé ìlànà ilé ìgbìmọ̀ kò jẹ́ kí wọ́n fi òfin ìnáwó yọ ọ́. Gbogbo àwọn ẹgbẹ́ náà ló gbà pé kò tọ́: bí kò bá sí owó orí mọ́, kí ni ìwé orúkọ ń ṣe? Ohùn wọn ṣọ̀kan. Síbẹ̀, GOA àti àwọn tirẹ̀ gba ilé ẹjọ́ Texas lọ, NRA àti ẹgbẹ́ Gottlieb gba Missouri. Pé NRA àti Gottlieb tilẹ̀ jọ fọwọ́ sí ìwé ẹjọ́ kan náà, ìyẹn ti yàtọ̀ sí 2013, mo sì kà á sí ìlọsíwájú.

Ọ̀rọ̀ ìṣọ̀kan tún kan àwa aláwọ̀ dúdú lọ́nà tí a kò lè fojú fò. Ní 1967, nígbà tí àwọn Black Panther, ẹgbẹ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú, ń gbé ìbọn kiri ní California, Rẹpọ́blíkà ló kọ òfin tó dá gbígbé ìbọn tí ọta wà nínú rẹ̀ ní gbangba dúró; wọ́n gbé ìbọn wọ ilé aṣòfin ní Sacramento láti ta kò ó, síbẹ̀ Reagan tó jẹ́ gómìnà fọwọ́ sí i, NRA sì fara mọ́ ọn. Ní oṣù Keje 2016, ọlọ́pàá yìnbọn pa ọkùnrin dúdú kan nínú mọ́tò ní Minnesota, lẹ́yìn tó ti fọ̀wọ̀ sọ fún un pé òun ní ìbọn lọ́wọ́. Ó ní ìwé àṣẹ. Ohùn tí NRA fi sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ kò ròkè rárá, ọ̀pọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ wọn gan-an ló sì bínú. Ọdún kan ṣáájú ìyẹn ni wọ́n ti dá National African American Gun Association sílẹ̀ ní Atlanta. Ẹbí tí kò bá lè ké nígbà tí wọ́n pa ọ̀kan lára ọmọ rẹ̀, kí ló fẹ́ fi pe àwọn ọmọ yòókù wá sípàdé?

Mo tẹ̀ lé ọ̀rẹ́ mi kan, bàbá ọlọ́mọ mẹ́ta, lọ sí ṣọ́ọ̀bù ìbọn kan lẹ́yìn odi Houston. Wọ́n ti fọ́ ilé rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Láti oṣù Kẹsàn-án 2021, ẹni tó bá ti pé ọdún 21 ní Texas, tí òfin kò sì gba ìbọn lọ́wọ́ rẹ̀, lè gbé ìbọn ìléwọ́ láìní láísẹ́ǹsì, èyí tó mú kí àwọn èèyàn wa kan rò pé kò sí ìbéèrè kankan mọ́. Ìbéèrè wà. Ọkùnrin arúgbó tó wà lẹ́yìn káńtà fún un ní Form 4473, ó ní, "Ẹ rọra kà á o, ẹ má kánjú." Ìlà kan ń béèrè bóyá físà onígbà díẹ̀ lo fi wọ orílẹ̀-èdè náà. Ẹni tó ní káàdì ìgbélùú lè rà. Ẹni tó wà lórí físà ọmọ iléèwé tàbí ti iṣẹ́, òfin àpapọ̀ kò gbà fún un, àfi àwọn àyọkúrò díẹ̀ bíi ìwé àṣẹ ìṣọdẹ. Irọ́ lórí ìwé yẹn, ẹ̀wọ̀n ni. Ọ̀rẹ́ mi fi ìka tẹ̀ lé ìlà kọ̀ọ̀kan bí ọmọ iléèwé.

Bó ṣe ń kọ ọ́ ni mo rí ìwé ìléwọ́ tí wọ́n tò sórí káńtà. Ti ẹgbẹ́ kan ń pè é kó wá forúkọ sílẹ̀, ó ní àwọn kì í gbà. Ti ẹgbẹ́ kejì náà ní àwọn kì í gbà. Ẹ̀gbẹ́ wọn ni òmíràn wà tí kò sí orúkọ ẹgbẹ́ lára rẹ̀ tó hàn, nọ́ńbà tẹlifóònù nìkan ló kọ gàdàgbà, 988, fún ẹni tí ayé bá sú.

Mo mọ ibi tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ ti ṣẹ̀ wá. Ní New Hampshire ní 2009, láàárín ọ̀sẹ̀ kan, èèyàn mẹ́ta tí kò mọra wọn ra ìbọn ní ṣọ́ọ̀bù kan náà, kálukú wọn sì fi para rẹ̀. Ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù náà kò lè sùn. Òun, àwọn oníbọn míì àti àwọn òṣìṣẹ́ ìlera jókòó pọ̀, wọ́n kọ ohun tí ẹni tó ń tajà lè fi mọ̀ pé oníbàárà rẹ̀ kò wá ra ohun ìgbèjà, àti bí ó ṣe lè sọ fún un pé òun ò ní tà á lónìí. Wọn ò béèrè òfin. Bí ìdajì àwọn ṣọ́ọ̀bù ìbọn ìpínlẹ̀ náà ló gbé ìwé wọn kọ́. Ní 2021, èèyàn 48,830 ni ìbọn pa ní Amẹ́ríkà, ó sì lé ní 26,000 nínú wọn tó fọwọ́ ara wọn pa ara wọn.

Arúgbó náà rí i pé mò ń wo ìwé náà. Ó fà á sún mọ́ mi lórí káńtà. Ó ní, "Ẹ mú un lọ fún ẹnikẹ́ni tẹ́ ẹ bá rí i pé ó nílò rẹ̀."